Ọ̀wọ́n Akọ̀ròyìn Olómìnira Lójú Ogun

Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ ka ìròyìn ogun, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò kì í ṣe àkọlé rẹ̀, bí kò ṣe orúkọ ìlú tí akọ̀ròyìn wà nígbà tó kọ ọ́. Ìlú yẹn ló máa ń jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń sọ, tàbí ńṣe ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn ìlú náà túbọ̀ ń jìnnà sí ojú ogun. Ìròyìn Darfur ń wá láti Nairobi àti Cairo, ìròyìn Gaza ń wá láti Jerusalem, ìròyìn àwọn ìlú Ukraine tó wà lábẹ́ ọwọ́ Rọ́ṣíà sì ń wá láti Kyiv. Àwọn tó ń kọ wọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpùrọ́. Wọn kò rí ọ̀nà dé ibẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìlú El Fasher ní Darfur, ní ìwọ̀ oòrùn Sudan, bọ́ sọ́wọ́ Rapid Support Forces, ikọ̀ tó ń bá àwọn ọmọ ogun ìjọba Sudan jà, lẹ́yìn tí wọ́n ti dó tì í fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ìpakúpa ló tẹ̀lé e. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ayé gbà mọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní ni àwòrán sátẹ́láìtì, èyí tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale yẹ̀ wò tí wọ́n sì rí ohun tó jọ òkú ènìyàn àti ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n nínú rẹ̀. Èkejì ni fídíò tí àwọn apànìyàn fúnra wọn fi fóònù yà, tí wọ́n sì ń fi yangàn. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí àwọn tó fi ẹsẹ̀ rìn jáde títí wọ́n fi dé Tawila, ìlú kan ní Darfur kan náà. Àwọn ọmọ Sudan díẹ̀ tí wọ́n ṣì ń kọ ìròyìn nínú ìlú náà kò bọ́: wọ́n pa nínú wọn, wọ́n mú nínú wọn, àwọn yòókù sì sá àsálà. Ìlú ńlá kan ṣubú ní àkókò tí fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, síbẹ̀ ẹni tó fi àwòrán tó hàn kedere jù lọ sílẹ̀ fún wa ni ẹni tó ń yìnbọn.

Ọ̀wọ́n yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Ní apá kan ni àwọn ìjọba àti àwọn ẹgbẹ́ ológun wà, àwọn tó ti rí i pé títi ilẹ̀kùn mọ́ ẹlẹ́rìí kò ná wọn ní ohun púpọ̀, pé ariwo tó ń tẹ̀lé e kì í pẹ́ rọlẹ̀. Ní apá kejì ni àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ńláńlá wà, àwọn tó ṣì fẹ́ máa ta ìròyìn ogun ṣùgbọ́n tí wọ́n ti gbé ewu àti ìnáwó rẹ̀ ka orí àwọn tí agbára wọn kéré jù lọ. Apá méjèèjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí a máa ń pariwo lé èkíní lórí, a sì máa ń fi èkejì sílẹ̀.

Kí ni mo tilẹ̀ ń pè ní òmìnira fún akọ̀ròyìn lójú ogun? Kì í ṣe pé kò ní èrò tirẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí òkú ọmọdé nínú àwókù ilé tí ọkàn rẹ̀ kò ní gbọgbẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń dá a mọ̀: ta ló gbé e dé ibẹ̀, ta ló lè lé e kúrò níbẹ̀, ta ló sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó jáde? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ń jà ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí a ó gbọ́ lè jẹ́ òtítọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni.

Ìjàkadì lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. William Howard Russell, tí ìwé ìròyìn The Times ti London rán lọ sí ogun Crimea ní 1854, kọ̀wé sílé nípa àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí àrùn àti òtútù ń pa, àti nípa bí àwọn aláṣẹ wọn ṣe ń fi wọ́n ṣòfò. Àwọn ọ̀gágun kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn tí The Times ń gbé jáde wà lára ohun tó mú kí wọ́n rán Florence Nightingale àti àwọn nọ́ọ̀sì lọ, ó sì wà lára ohun tó bi ìjọba Lord Aberdeen wó ní ìbẹ̀rẹ̀ 1855. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní Vietnam, akọ̀ròyìn tó bá ti gba káàdì lè wọ hẹlikópítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sí ojú ìjà, kí ó sì kọ ohun tó bá rí láìsí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kà á. Nígbà tí Amẹ́ríkà fìdí rẹmi, ọ̀pọ̀ ọ̀gágun gbà pé àwọn oníròyìn ló ba ogun náà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n fi ṣe òfin. Ní 1982, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ jà ní erékùṣù Falkland, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun nìkan ló gbé àwọn akọ̀ròyìn kéréje tí wọ́n yàn lọ, ẹ̀rọ àwọn ológun nìkan ni wọ́n sì lè fi ránṣẹ́ sílé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà kọlu Grenada, kò sì jẹ́ kí akọ̀ròyìn kankan bá wọn dé ibẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ní 1991, ní ogun tí wọ́n fi lé Iraq kúrò ní Kuwait, àwọn ológun ṣa àwọn akọ̀ròyìn díẹ̀ jọ, wọ́n ń mú wọn káàkiri bí ó ti wù wọ́n, wọ́n sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò.

Ogun Iraq ti 2003 ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ọgbọ́n tí wọ́n dá níbẹ̀ jinlẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Dípò kí àwọn ológun ti ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn oníròyìn wá bá àwọn rìn. Àwọn tó lé ní 600 ló gbà. Wọ́n ń bá àwọn sójà jẹun, wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀ wọn, ìbọn àwọn sójà ló sì ń dáàbò bo ẹ̀mí wọn. Iṣẹ́ rere jáde nínú rẹ̀, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀mí rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tirẹ̀ ni ìwọ náà yóò máa fi wo ogun, bó o bá tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ tó báwo. Àwọn tí ìbọn yẹn ń dojú kọ, àwọn ará Iraq nínú ilé wọn, kò sí lára ohun tí ọkọ̀ náà ń gbé akọ̀ròyìn lọ wò.

Àwọn kan kọ̀ láti bá ológun rìn. Ọ̀kan nínú wọn ni Terry Lloyd, akọ̀ròyìn àgbà fún ITN ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 2003, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wakọ̀ lọ sí ìhà Basra láìsí ológun lẹ́yìn wọn, wọ́n sì bọ́ sáàárín ìjà. Lloyd kú. Hussein Osman, ọmọ Lebanon tó jẹ́ ògbufọ̀ wọn, kú. Fred Nérac, ọmọ Faransé tó ń gbé kámẹ́rà, di àwátì títí di òní. Ní 2006, adájọ́ tó ṣe ìwádìí ikú Lloyd ní Oxford sọ pé ọta ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló pa á, àti pé ìpànìyàn tí kò bófin mu ni. Wọn kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2003 kan náà, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà yìnbọn lu òtẹ́ẹ̀lì Palestine ní Baghdad, níbi tí gbogbo ayé mọ̀ pé àwọn oníròyìn kún inú rẹ̀, ó sì pa Taras Protsyuk ti Reuters àti José Couso ti Telecinco, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Spain. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni bọ́ǹbù pa Tareq Ayyoub ti Al Jazeera ní orí òrùlé iléeṣẹ́ wọn nínú ìlú kan náà. Bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí wọn kò mọ̀ọ́mọ̀, gbogbo olóòtú ìròyìn gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá bá wa rìn ni a lè dáàbò bò, ẹni tó bá dá rìn, ọrùn ara rẹ̀ ló wà.

Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti rí i pé kò tilẹ̀ sí ìdí láti gbé akọ̀ròyìn kankan kiri. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Tigray, ní àríwá Etiópíà, ní oṣù Kọkànlá 2020, ìjọba Etiópíà gé fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníròyìn. Ní ìparí oṣù yẹn, àwọn ọmọ ogun Eritrea pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún aráàlú ní Axum. Oṣù Kejì 2021 ni Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó gbé ìwádìí rẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ṣe láti òkèèrè nípa bíbá àwọn tó yè bọ́ sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ìjọba méjèèjì ṣì ń sẹ́ pé kò sí ọmọ ogun Eritrea kankan ní Tigray. Àwọn tó ń sin òkú ní Axum mọ ẹni tó pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún tí ayé yóò gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Ohun tí òkùnkùn máa ń ṣe fún apànìyàn nìyẹn. Kì í kàn án bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀ títí láé. Ó ń ra àkókò fún un, àkókò tí ìbínú ayé ìbá fi dá a dúró.

Ní Gaza, láti oṣù Kẹwàá 2023 ni ìjọba Ísírẹ́lì kò ti jẹ́ kí akọ̀ròyìn òkèèrè dá wọ ibẹ̀. Àwọn tó bá wọlé, àwọn ológun Ísírẹ́lì ló ń mú wọn lọ fún wákàtí díẹ̀, wọ́n sì ń wo ohun tí wọ́n bá yà kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè tó wà ní Jerusalem gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ísírẹ́lì. Ní oṣù Kìíní 2024, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ náà nù nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Wọ́n tún padà lọ, ìjọba sì ń tọrọ àfikún àkókò léraléra.

Nítorí náà, àwọn ọmọ Gaza nìkan ló ń ròyìn Gaza, wọ́n sì ń kú bí ẹni tí a ń kà. Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníròyìn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CPJ, ka akọ̀ròyìn 124 tí wọ́n pa káàkiri àgbáyé ní 2024, iye tó pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí ṣáájú rẹ̀ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á. Nínú wọn, 85 ló kú nínú ogun Gaza. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 2025, àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn oníròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn al-Shifa, wọ́n pa Anas al-Sharif ti Al Jazeera pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ísírẹ́lì sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ Hamas ni al-Sharif. Al Jazeera sọ pé irọ́ ni, CPJ sì sọ pé Ísírẹ́lì kò mú ẹ̀rí tó ṣeé gbà gbọ́ wá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi kọlu ilé ìwòsàn Nasser ní Khan Younis, tí wọ́n sì tún kọlu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí àwọn olùgbàlà ti dé. Oníròyìn márùn-ún kú níbẹ̀, lára wọn sì ni Mariam Dagga, tó ń bá Associated Press (AP) ṣiṣẹ́.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ará Gaza kò lè jẹ́ olómìnira nítorí pé ogun náà kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlẹ́rìí tó jẹ́ àlejò, tí ó tún ń sọ pé ẹlẹ́rìí tó jẹ́ onílé kò ṣeé gbà gbọ́, ohun tó ń wá ni kí ẹlẹ́rìí má sí rárá. Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ inú ni iyèméjì yẹn, ṣíṣí ẹnubodè ni oògùn rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń rí báyìí ni kí olùpẹ̀jọ́ máa pa ẹlẹ́rìí, kí ó sì máa rojọ́ pé ẹlẹ́rìí kò pé.

Ti Rọ́ṣíà kò gùn láti sọ. Ní oṣù Kẹta 2022, wọ́n ṣe òfin tó lè rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 15 bí ó bá gbé ohun tí ìjọba pè ní irọ́ nípa ọmọ ogun jáde. Ọ̀pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ìròyìn olómìnira tó ṣẹ́kù nílẹ̀ náà kó ẹrù wọn lọ sí òkèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n wá kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń jà, kí n dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìròyìn. Rírán akọ̀ròyìn kan lọ sójú ogun bó ti yẹ jẹ́ ìnáwó ńlá. Ó nílò aṣọ ayẹta àti akoto, ọkọ̀ tó dára àti awakọ̀ tó mọ ọ̀nà, ògbufọ̀, fóònù sátẹ́láìtì, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tí ìbọn bà, ẹni tí yóò máa tọpa ìrìn rẹ̀ láti ilé, àti owó adójútòfò tó máa ń ga bí ewu bá ṣe ń ga. Nígbà tí owó ìpolówó ọjà ṣí kúrò nínú ìwé ìròyìn lọ sọ́dọ̀ Google àti Facebook, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gé ni àwọn ẹ̀ka òkèèrè. Ṣùgbọ́n ogun kò dín kù, àwọn òǹkàwé sì ṣì fẹ́ rí àwòrán. Àlàfo yẹn ni àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ wọ̀, àwọn tí kò sí lórí ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ń ta ìròyìn kọ̀ọ̀kan àti fọ́tò kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í sì í gba owó bí wọn kò bá rí ẹni rà á.

James Foley àti Steven Sotloff wà lára wọn. Wọ́n jí Foley gbé ní àríwá Síríà ní oṣù Kọkànlá 2012, wọ́n sì jí Sotloff gbé ní oṣù Kẹjọ 2013. Ẹgbẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìjọba Mùsùlùmí (ISIS) pa àwọn méjèèjì ní 2014, wọ́n sì ya ikú wọn sí fídíò fún ayé láti wò. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ ìròyìn AFP ti Faransé kéde ìpinnu kan: ibi tí wọn kò bá lè rán òṣìṣẹ́ tiwọn lọ ní Síríà, wọn kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dá lọ síbẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ fi owó tan ènìyàn lọ sínú ewu. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Mo gbà pé ìpinnu ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé iṣẹ́ bá dúró síbẹ̀, tí wọn kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni pé ibi tí ewu bá ti pọ̀ jù ni ìròyìn yóò ti kọ́kọ́ gbẹ, àwọn tó ń dá ewu náà sílẹ̀ sì ti rí ohun tí wọ́n ń fẹ́ gbà. Kì í ṣe bí a ó ṣe kọ iṣẹ́ ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ló le. Ohun tó le ni bí a ó ṣe san owó tí yóò fi lè lọ, kí ó sì padà wá láàyè.

Lábẹ́ àwọn yẹn ni àwọn mìíràn tún wà tí orúkọ wọn kì í hàn rárá: amọ̀nà, ògbufọ̀, awakọ̀. Ní oṣù Kẹta 2007, ẹgbẹ́ Taliban mú Daniele Mastrogiacomo, akọ̀ròyìn ọmọ Ítálì, pẹ̀lú Ajmal Naqshbandi tó jẹ́ akọ̀ròyìn àti ògbufọ̀ rẹ̀, àti awakọ̀ wọn, Sayed Agha. Wọ́n bẹ́ orí awakọ̀ náà. Ìjọba Afghanistan dá àwọn ẹlẹ́wọ̀n Taliban sílẹ̀ kí wọ́n lè tú ọmọ Ítálì náà sílẹ̀, ó sì padà sílé láàyè. Naqshbandi ni kò rí ẹni fi ẹlẹ́wọ̀n kankan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n bẹ́ orí òun náà. Mi ò dá Mastrogiacomo lẹ́bi, nítorí kì í ṣe òun ló dí iye lé ẹ̀mí wọn. Ṣùgbọ́n iye yẹn wà, gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n, òun ló sì ń ṣàlàyé ìdí tí ilé iṣẹ́ kan fi lè ra adójútòfò fún àlejò tó ń lo ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì fi ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sílẹ̀ láìní nǹkan kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2025, AFP, AP, BBC àti Reuters jọ gbé ọ̀rọ̀ kan jáde pé àwọn akọ̀ròyìn wọn ní Gaza kò fi bẹ́ẹ̀ rí oúnjẹ fún ara wọn àti ìdílé wọn mọ́. Mẹ́rin lára àwọn ilé iṣẹ́ tó tóbi jù nídìí iṣẹ́ yìí ní ayé nìyẹn, ebi sì ń pa àwọn tó ń fi ojú ríran fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ àwọn onílé wọ̀nyí náà ló sábà máa ń kù nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ya wọ Freetown ní oṣù Kìíní 1999, tí àwọn oníròyìn òkèèrè ti kúrò, Sorious Samura, ọmọ Sierra Leone, ló gbé kámẹ́rà rẹ̀ sáàárín ìpakúpa náà. Ohun tó yà níbẹ̀ ni ayé fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlú náà. Kò yẹ kí àwa tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà gbàgbé Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotunsin ti Champion, ọmọ Nàìjíríà méjèèjì, tí wọ́n lọ ròyìn ogun Lìbéríà ní 1990 tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor sì pa wọ́n. Orúkọ wọn kò tàn ká ayé bí ti àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí kan náà ni wọ́n fi lé e. Victoria Roshchyna, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ Ukraine, wọ àgbègbè tí Rọ́ṣíà gbà ní 2023 láti wádìí bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ àwọn aráàlú tí wọ́n tì mọ́lé. Àwọn ará Rọ́ṣíà mú un. Ó kú lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí wọ́n sì dá òkú rẹ̀ padà ní 2025, àmì ìyà wà lára rẹ̀. Ibi tó lọ wádìí náà ló gbé e mì.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni a tún ń fi akọ̀ròyìn ṣe nígbà tí sátẹ́láìtì wà, tí fóònù sì wà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi òjìji ilé àti ìrísí òkè mọ ibi tí wọ́n ti ya fídíò kan. Ṣùgbọ́n ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ wo Mariupol, ìlú Ukraine kan tí Rọ́ṣíà dó tì. Mstyslav Chernov àti Evgeniy Maloletka, tí wọ́n ń bá AP ṣiṣẹ́, dúró sínú ìlú náà nígbà tí gbogbo akọ̀ròyìn òkèèrè yòókù ti jáde. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2022, bọ́ǹbù bà ilé ìgbẹ̀bí kan, wọ́n sì ya àwòrán obìnrin aboyún kan tí wọ́n ń gbé jáde lórí àkéte àwọn aláìsàn. Àwọn aláṣẹ Rọ́ṣíà sọ pé eré ni, pé àwọn òṣèré ni wọ́n kó jọ. Àwọn oníròyìn náà ò jiyàn. Wọ́n padà lọ wá àwọn obìnrin yẹn, wọ́n rí ọ̀kan tó ti bímọ ní ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà pé ìyá tó wà lórí àkéte yẹn ti kú, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè bi dókítà ní ìbéèrè. Fídíò tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ kò lè padà lọ ní ọjọ́ kejì láti mọ ẹni tó kú.

Ní Bucha, ìlú kan nítòsí Kyiv, lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, nǹkan méjèèjì ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Rọ́ṣíà kúrò níbẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 2022, wọ́n sì bá òkú àwọn aráàlú nílẹ̀ ní òpópónà Yablonska. Rọ́ṣíà sọ pé ẹ̀yìn tí àwọn lọ tán ni wọ́n kó òkú síbẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì ti oṣù Kẹta fi hàn pé òkú wọ̀nyẹn ti wà níbẹ̀ nígbà tí ìlú ṣì wà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Àwòrán ojú ọ̀run fi ọjọ́ múlẹ̀, àwọn tó fi ẹsẹ̀ wọlé sì fi orúkọ múlẹ̀. Bí a bá yọ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀, àmì dúdú lójú títì ló kù.

Òfin tó yẹ kó dáàbò bo wọn kò ṣọ̀wọ́n. Àfikún kìíní sí Àdéhùn Geneva, ti 1977, sọ ní abala 79 pé aráàlú ni akọ̀ròyìn lójú ogun, a kò sì gbọdọ̀ yìnbọn lù ú. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún un sọ ní 2006 àti ní 2015. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ìjìyà. Fún Marie Colvin, akọ̀ròyìn ọmọ Amẹ́ríkà tí bọ́ǹbù ìjọba Síríà pa pẹ̀lú Rémi Ochlik, ayàwòrán ọmọ Faransé, ní Homs ní oṣù Kejì 2012, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá ìjọba Síríà lẹ́bi ní 2019, ó sì ní kí wọ́n san owó tó lé ní mílíọ̀nù 300 dọ́là. Ẹbí rẹ̀ ló pe ẹjọ́ náà ní orílẹ̀-èdè tó ní ilé ẹjọ́ tó ṣeé lọ, ọdún méje lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìdájọ́ sì tó jáde. Ẹbí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà ní Darfur kò ní irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó wà ní ìkáwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn láìdúró de ìjọba kankan. Lẹ́yìn ikú Foley àti Sotloff, ní 2015, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fọwọ́ sí ìlànà kan, èyí tó di ohun tí a mọ̀ sí ACOS Alliance: kí wọ́n máa tọ́jú àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fún wọn àti àwọn akọ̀ròyìn tó jẹ́ onílé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ ìfẹ́ inú olóòtú kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kí ó di ohun tí a lè rí kí a sì bèèrè. Kí ìròyìn ogun kọ̀ọ̀kan sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ẹni tó wà níbẹ̀, ẹni tó fún un láyè, àti bóyá ẹnikẹ́ni yẹ iṣẹ́ náà wò kí ó tó jáde. Kí ilé iṣẹ́ tó bá ra fọ́tò láti ojú ogun kéde bóyá ẹni tó yà á ní adójútòfò, àti pé ta ló san án. Àwa tó ń ka ìròyìn náà ní iṣẹ́ tiwa: kí a sanwó fún èyí tó fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, kí a sì dẹ́kun pípín fídíò apànìyàn kiri bí ẹni pé ìròyìn ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ṣí ẹnubodè Gaza fún àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè láìsí ológun lẹ́yìn wọn, kí àwọn tó ń wọlé má ṣe bí ẹni tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé. Àwọn tó ti ń ròyìn nínú ebi àti bọ́ǹbù mọ ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ibi tí a sin òkú sí, wọ́n sì mọ irọ́ tí wọ́n ti pa fún ayé àti ọjọ́ tí wọ́n pa á. Orúkọ tiwọn ló yẹ kó ṣáájú lórí iṣẹ́ tí wọ́n bá jọ ṣe, kí owó wọn dọ́gba pẹ̀lú ti àlejò, kí ẹni tó bá sì ti rẹ̀ nínú wọn rí ọ̀nà jáde lọ sinmi, kí ó sì lè padà sílé bó bá fẹ́.